Ẹ̀gbọ́n mi kò sùn mọ́ látìgbà tí olè ti dá wọn lọ́nà: ṣé lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ sísọ lè wo irú èyí sàn?

Àbúrò Awakọ̀, Ilésà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìsọ̀kùn ní Ilésà ni mo ń gbé. Ó ti tó oṣù méje tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún kí gbogbo àdúgbò má gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń wa bọ́ọ̀sì Ilésà sí Àkúrẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń bọ̀ nílé, àwọn adigunjalè dá wọn lọ́nà, wọ́n yìnbọn lu ọkọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kú sórí èjìká wọn. Kò sí ibi kankan tó ha ẹ̀gbọ́n mi lára, ìyẹn ni gbogbo ẹbí fi ń sọ pé kí wọ́n máa dúpẹ́. A sì dúpẹ́ lóòótọ́, a pa ewúrẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kọ́ ló padà wọlé. Wọn kì í sùn títí àkùkọ á fi kọ. Bí oorun bá sì gbé wọn, igbe ni wọ́n á fi ta jí: "Bẹ̀rẹ̀! Bẹ̀rẹ̀!" Tí ọ̀kadà bá dún gbàmù lójú títì, kí a tó mọ̀, wọ́n ti wà lábẹ́ tábìlì. Wọn kì í kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà mọ́. Bọ́ọ̀sì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, koríko ti hù yí táyà rẹ̀ ká. Àwọn ọmọ ń sá fún wọn torí ìbínú. Alẹ́ ò lè lọ kí wọ́n má mu páráǹgà.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ohun tí wọ́n sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n ní: "Èmi ni mo pa ọmọ yẹn." Ẹ̀yìn ni ọmọ náà jókòó sí nígaráàjì Àkúrẹ́. Ó ní ooru ń mú òun, ẹ̀gbọ́n mi ní kó wá síwájú.

A ti gbààwẹ̀, wòlíì ti ṣe ìṣọ́ òru fún wọn. Tíṣà kan níbi iṣẹ́ mi ní tírọ́mà ni, ìyẹn ọgbẹ́ ọkàn tí ìpayà dá síni lára, kí wọ́n lọ ṣe tẹ́rápì, pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń bá èèyàn sọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a ti ń bá wọn sọ nílé látọjọ́ yìí ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lọ́yẹ.

Àgbà Ayésò

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹni tó kú sí afẹ́fẹ́ rere.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wa lọ́rì. Ohun tí mo rí lójú títì, mi ò lè kà á tán. A kì í jókòó máa sọ ọ́. A ó wẹ̀, a ó jẹun, a ó padà sídìí ọkọ̀. Bí ọkùnrin bá pẹ́ nílé ni ìrònú ń rí i mú. Ẹ wá awakọ̀ tó dàgbà kó jókòó tì í, kó padà sójú ọ̀nà yẹn lọ́sẹ̀ yìí.

Ohun kejì: ṣé ẹ ti lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí ọmọ náà? Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ta sí ẹ̀gbọ́n yín lára. Ẹ mú àwọn àgbà lẹ́yìn, ẹ lọ kí wọn. Tèmi nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀nà Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀

Àbúrò Awakọ̀, ẹ kú ìtọ́jú. Mi ò lè jókòó síbí kí n dá orúkọ àìsàn fún ẹni tí mi ò rí. Àmọ́ gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, àlá, jíjá àyà, yíyẹra fún ọ̀nà, ìbínú, dídá ara ẹni lẹ́bi, a mọ̀ wọ́n dáadáa níbi iṣẹ́ wa. Bí wọ́n bá pé sí ara ẹnì kan ju oṣù kan lọ, tí kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́, tí kò jẹ́ kó gbádùn ẹbí rẹ̀, PTSD (post-traumatic stress disorder) ni àwọn dókítà ń pè é. Ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kọ orúkọ yẹn sínú ìwé wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, shell shock ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ lára àwọn sójà. Dókítà kan tó ń jẹ́ Charles Myers ló kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn The Lancet ní 1915. Àwọn baba wa ò dúró de ìwé kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Àwọn ló ní ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yà kékeré kan wà nínú ọpọlọ, amygdala, kò ju kóró fúrúùtù lọ. Òun ni ọdẹ tó ń ṣọ́ wa. Bó bá rí ewu, á fọn fèrè: àyà á máa lù kìkì, iṣan á le, a ó sá tàbí ká jà. Ẹ̀yà mìíràn, hippocampus, ló ń fi ọjọ́ àti ibi sí ohun tí a rí, kí a lè mọ̀ pé àná ni, pé ó ti kọjá. Bí ìpayà bá pọ̀ jù, iṣẹ́ ẹ̀yà kejì yìí kì í pé. Ìrántí náà á wà nílẹ̀ láìní ọjọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kadà fi dún lónìí tí ẹ̀gbọ́n yín fi gbọ́ ìbọn ọjọ́ yẹn. Wọn ò ṣe ọ̀lẹ, wọn ò sì ya wèrè. Ọdẹ inú ọpọlọ wọn ni kò tíì gbọ́ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ara máa ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Oṣù méje ti kọjá ìyẹn.

Ẹ gbọ́ o, èyí kò gbọdọ̀ dúró: ẹ bi wọ́n ní tààrà bóyá ó máa ń ṣe wọ́n bíi kí wọ́n kú. Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí èèyàn lọ́kàn, ó máa ń tu ẹni tó ń dá a gbé lára ni. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ ní àwọn nìkan, ẹ kó oògùn apakoríko àti oògùn apakòkòrò kúrò nílé, kí ẹ sì gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Bàbá Ayésò, ẹ ṣeun sà. Òótọ́ ni pé bí èèyàn bá ń yẹra fún ohun tó ń bà á lẹ́rù, ńṣe ni ẹ̀rù náà á máa dàgbà. Àmọ́ ẹni tí kò tíì lè jókòó nínú ọkọ̀ tó dúró sójú kan, bí a bá gbé e sójú ọ̀nà Àkúrẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, á tún kó ìpayà mìíràn mọ́ ti tẹ́lẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka èyí tán kí n tó lè kọ nǹkan.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ ní 1997. Mi ò ní sọ apá ibi tí ilé wa wà, torí apá méjèèjì ló sin òkú. Wọ́n sun ilé wa. Èmi àti ìyá mi gba inú oko kòkó jáde lóru. Bàbá àgbà mi ò lè rìn.

Ìjà náà parí ní 2000. Mo kàwé, mo lọ́kọ, mo bímọ. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá ti dé, tí àwọn àgbẹ̀ bá ń sun oko, n ó ti gbogbo fèrèsé pa, n ó kó ìwé-ẹ̀rí àti aṣọ àwọn ọmọ sínú báàgì kan, n ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni báàgì yẹn máa wà títí òjò àkọ́rọ̀ á fi rọ̀. Ọkọ mi rò pé mo kàn jẹ́ oníṣọ̀ọ́ra ni. Nígbà tí àwọn ìbejì pé ọdún mẹ́jọ, Táíwò ṣáná sí bébà lẹ́yìnkùlé. Mo gbá a létí débi pé ìka mi yọ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bó ṣe wò mí lójú, mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Òun ló gbé mi dé ilé ìwòsàn.

Ẹ béèrè ohun tó yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ilé. Àga méjì, fáànù, àti obìnrin kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ìyẹn náà ni yàrá náà. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, a ò sọ ọ̀rọ̀ iná rárá. Ó ṣàlàyé ohun tí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé lókè yìí, ó kọ́ mi bí mo ṣe lè mí kí àyà mi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n kọ gbogbo ohun tí mò ń sá fún sílẹ̀, kí n fi nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan láti òdo dé ọgọ́rùn-ún. Dídúró ti alágbàdo sísun: ọgbọ̀n. Dídín àkàrà lórí iná igi: àádọ́ta. Dídúró létí oko tó ń jó: ọgọ́rin. Lílọ sí ojú ilé wa àtijọ́: ọgọ́rùn-ún.

Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá alágbàdo kan ní Lágere. Àdéhùn wa ni pé mi ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí ẹ̀rù náà á fi lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé mo máa kú síbẹ̀. Ìyá náà rò pé ebi ló ń pa mí, ó ń yọ àgbàdo fún mi. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, ẹ̀rù náà ló kọ́kọ́ rẹ̀, èmi ṣì wà lórí ìdúró.

Apá tó le ni ìtàn sísọ. Ó ní kí n dijú, kí n sọ òru yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́: mò ń sáré, ìyá mi di ọwọ́ mi mú. Mo gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, mo sì gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ọ nílé lójoojúmọ́. Nílé, bí o bá ti ń sọ̀rọ̀ dé ibi tó dùn ẹ́ jù, gbogbo èèyàn á ní, "Ó tó, má sunkún mọ́." Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Obìnrin yìí kò dá mi dúró. Ó ní, "Kí ló tún ṣẹlẹ̀?"

Lọ́jọ́ kan mò ń já ewúro ní kíṣìnnì, fóònù ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Bàbá ní ẹ máa lọ." Mo dá a padà, mo tún gbọ́ ọ. Láti ọdún yẹn wá, ohun tí mo ń sọ fún ara mi ni pé a fi bàbá àgbà sílẹ̀. Àwọn ló ní ká lọ! Àwọn ló pa á láṣẹ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ewúro, mo sunkún wọn bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Ìgbà mẹ́tàlá ni mo lọ, wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ojú àpá kì í jọ ojú ara. Mi ò fẹ́ràn òórùn èéfín títí dòní. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ tó kọjá yìí, mi ò di báàgì.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Èkó

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí ó yàtọ̀. Àwọn olè wọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì gan-an, wọ́n kó gbogbo wa jọ sí yàrá kan, wọ́n ní kí oníkálukú sọ ohun tó rí, láìfi nǹkan kan pa mọ́. Èmi tí mo sá pamọ́ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn tó wà níta. Ohun tí mi ò fojú rí ló ń wá bá mi lójú àlá báyìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀rù pé ká tú egbò tó ń gbẹ.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀nà Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀rù yín tọ̀nà. Kíkó èèyàn jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti fipá mú wọn sọ̀rọ̀, lẹ́yìn tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ti kìlọ̀ fún un. Ìwé ìtọ́nisọ́nà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, bá àwọn mìíràn ṣe ní 2011 dá lórí ohun mẹ́ta: wo ohun tí ẹni náà nílò, tẹ́tí sí i bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, so ó pọ̀ mọ́ àwọn tó lè ràn án lọ́wọ́. Omi, aṣọ, ibi ààbò, fóònù láti pe ìyàwó. Bí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Tẹ́rápì tí Ìyá Ìbejì sọ yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló ń ṣe é, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, àṣẹ sì wà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń tọ́jú. Oríṣi rẹ̀ pọ̀. Edna Foa ló ṣe èyí tí wọ́n lò fún wọn. Èyí tí Patricia Resick dá sílẹ̀, nǹkan bí ìgbà méjìlá, èrò bíi "èmi ni mo pa á" ló máa ń dojú kọ jù; ó lè bá ẹ̀gbọ́n Àbúrò Awakọ̀ mu. Èyí tí wọ́n fi ojú tẹ̀ lé ìka síhìn-ín sọ́hùn-ún, EMDR, Francine Shapiro ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980.

Pásítọ̀ Abúlé

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan lórí ìṣọ́ òru yẹn, mo sì fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ ọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń pe irú nǹkan báyìí ní ẹ̀mí àìrí. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún arábìnrin kan tí kò tíì sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì ní kí òun náà gbà á. Ebi, àìsùn àti igbe wa lóru: ńṣe ni ara rẹ̀ túbọ̀ ń gbọ̀n. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Lónìí, bí mo bá gbàdúrà fún ẹnì kan tán, ọkọ̀ mi ni mo fi ń gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ má ṣe ìṣọ́ òru mọ́ fún ẹni tí oorun ń wù. Ẹ gbàdúrà lọ́sàn-án.

Ẹni tó bá rò pé oyìnbó nìkan ló ni nǹkan yìí, kó béèrè nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta. Ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àró ní Abẹ́òkúta, láti 1954, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn láwọn abúlé tó wà nítòsí, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìdí tí mo fi sọ èyí fún Àbúrò Awakọ̀ ni pé ẹ̀yin ẹbí ò gbọdọ̀ kàn jù wọ́n sílẹ̀ fún dókítà. Ẹ bá wọn lọ.

Àbúrò Awakọ̀, Ilésà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo bi wọ́n bí nọ́ọ̀sì ṣe ní kí n béèrè. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní ó ti ṣe àwọn bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n tí àwọn bá rántí ọmọ wọn obìnrin, ó máa ń lọ. Mo ti kó oògùn koríko lọ sí ilé mi. Ìyàwó wọn mọ̀.

Níbo ni ká gbà? Ṣé wọn ò ní dá wọn dúró sáàárín àwọn wèrè? Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò fẹ́ fún wọn ní Valium, ṣé ká gbà á?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀nà Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀la ni kí ẹ lọ, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wesley Guild wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ ní Ilésà, ara ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (OAUTHC) kan náà ni pẹ̀lú ti Ifẹ̀ níbí. Ẹ gba káàdì bí aláìsàn yòókù, ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ kọ síbí fún dókítà, títí kan ọ̀rọ̀ ikú yẹn, kí ẹ sì ní kó kọ̀wé fún yín sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ọpọlọ. Àwọn ló máa pinnu ẹni tó máa ṣe tẹ́rápì fún wọn. Ẹ béèrè iye owó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ìwé adójútòfò ìlera, ẹ mú un dání.

Wọ́n á lọ, wọ́n á padà sílé, bí ẹni tó lọ wo ìfúnpá. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ti rọ́pò òfin ayé àtijọ́ tó ń pe èèyàn ní wèrè lásán.

Valium, rárá. Ó ń mú oorun wá, ó sì ń di bárakú, pàápàá fún ẹni tó ń mu páráǹgà; àwọn méjèèjì pa pọ̀ lè dá èémí dúró. Oògùn tó wúlò fún PTSD wà, bíi sertraline, dókítà ló ń kọ ọ́. Páráǹgà náà, ẹ má já a gbà lọ́wọ́ wọn lójijì bó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń mu ún púpọ̀. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà.

Àgbà Ayésò

Mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ láti ọjọ́ yìí.

Ọmọkọ̀ mi kan kú sábẹ́ lọ́rì mi ní 1988. Èmi ni mo ní kó lọ wo wéèjì ẹ̀yìn. Mi ò dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni látìgbà náà, àfi alẹ́ àná tí mo sọ ọ́ fún ìyá àwọn ọmọ mi. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ pé nǹkan kan wà, pé mo máa ń pe orúkọ kan lójú oorun.

Mi ò tíì mọ̀ bóyá sísọ náà dára. Oorun ò wá lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ju ẹ̀gbọ́n yín sójú ọ̀nà bí mo ṣe wí tẹ́lẹ̀. Ti lílọ kí àwọn òbí ọmọ náà, mo ṣì dúró lórí ìyẹn.

Àbúrò Awakọ̀, Ilésà

Ẹ bínú pé mo pẹ́, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méje. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ láti lọ lákọ̀ọ́kọ́. Mo wá ka ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì sí wọn létí. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ní kí n tún ibi tí bàbá àgbà ti ní "ẹ máa lọ" kà.

Ìgbà márùn-ún ni wọ́n ti lọ sọ́dọ̀ saikọ́lọ́jísì, ẹni tó ń ṣe tẹ́rápì fún wọn, báyìí. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́, torí àlá náà pọ̀ sí i. Ẹni náà ti sọ fún wa ṣáájú pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n lè rọ̀ wọ́n. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́ sórí ìwé. Wọ́n kọ "èmi ni mo pa á." Ó wá ń bi wọ́n: nígaráàjì ọjọ́ yẹn, kí lẹ mọ̀? Ta ló mú ìbọn dání? Kí ló dé tí ẹ fi ní kó wá síwájú? Wọ́n ní ooru ló ń mú ọmọ náà. Ó ní kí wọ́n kọ ìyẹn náà sísàlẹ̀ ti àkọ́kọ́. Ìwé yẹn wà nínú àpò ẹ̀wù wọn. Mo ti rí i tí wọ́n ń yọ ọ́ wò.

Ọ̀nà ṣì jìn. Wọ́n ṣì ń mu ọtí, ó ti dín kù. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ṣì ń kọjú sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sùn títí di aago márùn-ún ìdájí. Bàbá Ayésò, àwọn fúnra wọn ló ní àwọn fẹ́ lọ kí ìyá ọmọ náà. Saikọ́lọ́jísì ní kí a jẹ́ kó di oṣù tó ń bọ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá wọn tí wọ́n ń fi àdá ṣán koríko ìdí táyà. Láti ọjọ́ náà, wọ́n máa ń jókòó sídìí sìtíárì ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n kàn ṣáná sí i, kí wọ́n pa á. Ní Sátidé, a fẹ́ wà á dé Ìwàràjà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ní ká padà ní Ẹrẹ́jà, a ó padà. Wọ́n ní kí n jókòó sẹ́yìn. Mo ní iwájú ni mo máa jókòó.